Ẹsẹ̀ Ló Kán, Àmọ́ Ẹ Máa Wo Àyà: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Dá Ìṣòro Ọkàn Mọ̀ Lẹ́yìn Ìfarapa

Tí màmá bá yọ̀ ṣubú ní bálùwẹ̀ tí eegun itan kán, gbogbo ilé á dojú kọ ẹsẹ̀ yẹn. Ṣé ọsibítù la máa gbé wọn lọ ni àbí ọ̀dọ̀ bàbá tó ń to eegun, èló ni wọ́n máa gbà fún iṣẹ́ abẹ, ta ló máa sùn tì wọ́n ní wọ́ọ̀dù. Kò sẹ́ni tó ń ro ti àyà. Tó bá wá di alẹ́ ọjọ́ kejì tí màmá ní kẹ́ ẹ ṣí wíńdò, pé afẹ́fẹ́ ò tó àwọn, ẹnì kan á ní ìrora ni, ẹlòmíì á ní àwọn ni wọ́n ń ronú jù, ẹnì kẹta á ti sáré lọ ra oògùn ọ́lsà ní kẹ́mísìtì. Ó lè jẹ́ ìrora lóòótọ́ o. Àmọ́ ó lè jẹ́ pé ọkàn fúnra ẹ̀ ló fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, torí ẹsẹ̀ tó kán yẹn náà ni, ẹni tí ò bá sì mọ̀ pé ìfarapa lè kan ọkàn ò ní wá a rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Téèyàn bá fara pa, ara máa ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló máa ń jẹ́ kí àyà wa máa lù kì-kì-kì tí òógùn á bò wá tí mọ́tò bá fẹ́ gbá wa. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ tó bá ya lu ọkàn lójijì tó sì pọ̀ jù, bó ṣe máa ń rí téèyàn bá ní ìjàǹbá ọkọ̀, tàbí eegun kán, tàbí iná jó o, tàbí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún un, ó lè sọ ẹran ọkàn di aláìlágbára fúngbà díẹ̀. Yàrá apá òsì tó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara ló sábà máa ń kàn, ìsàlẹ̀ ẹ̀ á wú, kò ní lè fún pọ̀ mọ́, òkè ẹ̀ nìkan lá máa ṣiṣẹ́. Takotsubo ni àwọn dókítà ń pè é. Ìkòkò tí ọrùn ẹ̀ tín-ín-rín tí ìdí ẹ̀ fẹ̀ ni, òun làwọn apẹja Japan fi ń mú octopus, bí ọkàn ọ̀hún sì ṣe máa ń rí nínú àwòrán nìyẹn. Àwọn dókítà Japan náà ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ẹ̀ lọ́dún 1990.

Ibi tó fi yàtọ̀ sí heart attack tá a mọ̀ ni pé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn ò dí. Ìyẹn nìkan náà ni o, torí bó ṣe ń ṣe èèyàn, bákan náà ni, dókítà gan-an ò lè fojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀ kó tó ṣe tẹ́ẹ̀sì. Torí náà kì í ṣe pé kẹ́ ẹ jókòó sílé kẹ́ ẹ sọ pé Takotsubo ni, pé kò kí ń pa èèyàn. Ohun tí mò ń bá yín sọ ni pé kẹ́ ẹ mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ pariwo.

Àwọn èèyàn rò pé ìbànújẹ́ nìkan ló ń fa irú ẹ̀, ikú ọkọ, ikú ọmọ, gbèsè. Lóòótọ́ ìyẹn náà ń fà á. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Christchurch ní New Zealand lọ́dún 2010 àti 2011, ṣe ni wọ́n ń gbé àwọn obìnrin wá sí ọsibítù tí ọkàn wọn ti rí báyìí, látàrí ìpayà. Àmọ́ nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2015, tí wọ́n fi wo èèyàn 1,750 tó ní in ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nǹkan tó kan ara, bí ìfarapa, iṣẹ́ abẹ àti àìsàn líle, ló fà á fún 36 nínú 100, ìbànújẹ́ àti ìpayà sì fà á fún bíi 28. Ṣẹ́ ẹ rí i? Ara ló ṣáájú. Ẹni tí ọ̀kadà gbá sì sábà máa ń ní méjèèjì pọ̀, ìrora ẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rù ẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ jù

Àwọn ìyá wa tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ni. Nínú ìwádìí tí mo sọ yẹn, nǹkan bí 90 nínú 100 ló jẹ́ obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn sì ti lé ní 60 ọdún. Tó bá jẹ́ ọkùnrin ló mú, ìfarapa tàbí àìsàn ara ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀, ó sì máa ń le fún wọn ju ti obìnrin lọ, torí náà kí bàbá má rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin la ń sọ. Ẹ tún fojú sí ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀ rí, ẹni tó ní wárápá, ẹni tí àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti ń bá fínra tipẹ́, àti ẹni tí ọkàn ẹ̀ ti ṣe báyìí rí.

Láti wákàtí àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìfarapa ni kẹ́ ẹ lajú sílẹ̀ jù. Tí wọ́n bá wá ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ìṣọ́ yẹn látìbẹ̀rẹ̀, torí ara ò mọ̀ pé dókítà ló mú ọ̀bẹ dání, gígé ni gígé ń jẹ́ lójú tiẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ bí wọ́n ṣe wà sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́

Èyí ò gba nǹkan kan, ìwé kékeré kan àti báírò ti tó, tàbí kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí. Agogo mélòó ni wọ́n ṣubú. BP wọn jẹ́ mélòó. Iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Oògùn wo ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ṣúgà, ìfàsímú ti asthma, àgbo náà ẹ kọ ọ́, ẹ má tijú. Ó ṣe pàtàkì torí tó bá di òru ọjọ́ kẹta tí BP jẹ́ 95/60, ẹni tí ò bá mọ̀ pé 150/90 ni tiwọn tẹ́lẹ̀ á kàn sọ pé "ó ti wálẹ̀, a dúpẹ́." Kò sí ọpẹ́ níbẹ̀ o. BP tó já wálẹ̀ báyẹn fún ẹni tó máa ń ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lè jẹ́ ọkàn tí ò lágbára àtiti ẹ̀jẹ̀ mọ́, ó sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ sínú ìrora

Ibí ni mo ti máa ń bínú díẹ̀. A fẹ́ràn ká máa sọ fún èèyàn pé "ẹ fara dà á, ẹ̀yin lágbára." Ìrora tí ò dáwọ́ dúró ló ń tú èròjà tí mo sọ lókè yẹn jáde ṣáá. Fífa eegun láìsí oògùn tó ń pa ìrora, tí èèyàn mẹ́rin di màmá ẹni 70 ọdún mú tí wọ́n ń ké, ẹ ò rí i pé ọkàn lẹ ń fi ṣeré yẹn? Mi ò ní káwọn tó ń to eegun má jẹun, àmọ́ fún ìyá àgbàlagbà tí eegun itan ẹ̀ kán, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Lọ́nà, ẹ fi igi tàbí páálí di ẹsẹ̀ náà kó má máa mì, ẹ má fi ọ̀kadà gbé wọn. Ní wọ́ọ̀dù, tí àsìkò abẹ́rẹ́ ìrora bá kọjá, ẹ rọra rán nọ́ọ̀sì létí, kẹ́ ẹ má sì lọ fi tramadol ti kẹ́mísìtì kún èyí tí wọ́n ń fún wọn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mọ àmì ẹ̀

Àyà tó ń dùn tàbí tó ń fún wọn lójijì, èyí tó lè gba apá, ọrùn, àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn. Èémí tó ń ga láìjẹ́ pé wọ́n ṣe wàhálà kankan. Àyà tó ń já, tàbí tó ń lù ségesège. Òógùn tútù, òòyì, èébì, dídákú. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀ tó wá ń ṣe ràdàràdà.

Nínú gbogbo ẹ̀, èémí ni kẹ́ ẹ má fojú kéré, torí àgbàlagbà, pàápàá ẹni tó ní ṣúgà, lè má sọ pé àyà ń dun òun rárá. Ìrora ẹsẹ̀ lè bo ti àyà mọ́lẹ̀, oògùn ìrora náà lè bò ó. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé wọn ò fẹ́ dùbúlẹ̀ mọ́. Lánàá ìrọ̀rí kan ni, lónìí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi méjì sí i, tó bá di aago méjì òru wọ́n ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì tàwọn ti ẹsẹ̀ tó wúwo yẹn, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra bẹ́ẹ̀ fáànù ń ṣiṣẹ́ lórí wọn. Ẹni tí eegun ẹ̀ kán tó gbà kí ẹsẹ̀ máa ro òun torí kó lè jókòó, ìyẹn kì í ṣe eré. Ẹ pe nọ́ọ̀sì.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Houston tó jẹ́ pé orí fóònù lẹ ti ń rí màmá, ẹ má kàn bi wọ́n pé "ṣé ara yín le?" torí wọ́n á ní "adúpẹ́" ni. Ẹ ní kí wọ́n ki oríkì yín. Màmá tó máa ń kì í já geere tẹ́lẹ̀, tó bá wá ń dúró mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta, èémí ò tó wọn nìyẹn, ẹ pe ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ kà á

Ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín (ẹ má lo àtàńpàkò, torí òun náà ń lù, ẹ lè lọ máa ka tiyín) sí ọrùn ọwọ́ wọn nísàlẹ̀ àtàńpàkò. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, ẹ máa rí i pé ó ń sọ. Ẹ tan táímà fóònù, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ẹ má ka ìdajì kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, torí tó bá ń lù ségesège ìdajì yẹn á tàn yín. Ẹni tó sinmi, 60 sí 100 ni ká retí. Ìrora lè gbé e lé 100 díẹ̀, àmọ́ tó bá lé ní 120 tí ò sọ̀ kalẹ̀, tàbí ó wà lábẹ́ 50, tàbí ó ń fo, ó ń dúró, ó ń sáré, ẹ sọ fún dókítà.

Ẹ tún ka èémí, àmọ́ ẹ má sọ fún wọn pé ẹ ń kà á, torí ẹni tó bá mọ̀ á yí mímí ẹ̀ padà. Ẹ ṣe bí ẹni ṣì ń di ọwọ́ wọn mú, kẹ́ ẹ máa wo àyà tó ń gòkè. 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan ló dáa, tó bá ti ń lọ sí 25, ẹ má dúró.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka tó ń ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, ó wúlò, ẹ nu kútẹ́ẹ̀sì tàbí làálì kúrò léèékánná kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá wà lábẹ́ 94, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Àmọ́ ẹ̀rọ yẹn máa ń bù kún nọ́ńbà fáwa aláwọ̀ dúdú nígbà míì, torí náà tó bá gbé 95 tí èémí sì ń ga lójú yín, ojú yín ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ má fúnra yín sọ ohun tó jẹ́

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló lè fa àyà dídùn àti èémí gíga lẹ́yìn ìfarapa, èyí tó burú ju Takotsubo lọ sì wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹsẹ̀ tó ti ń dúró sójú kan, kó ṣí kúrò, kó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn lè pa èèyàn láàárín ìṣẹ́jú, àmì kan tó sì máa ń ní ni pé ẹ̀yìn ojúgun ẹsẹ̀ kan á wú á sì máa dùn ju ìkejì lọ. Ọ̀rá inú eegun itan tó kán lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Egungun ìhà tó kán lè gún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí sítíárìn ọkọ̀ gbá láyà, ọkàn ẹ̀ fúnra ẹ̀ lè ti ṣèṣe. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú ikùn láìsẹ́ni tó rí i. Heart attack gidi náà wà níbẹ̀. Ìpayà lásán náà lè ṣe é, àmọ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ dókítà ló máa sọ pé ìpayà ni lẹ́yìn tó ti yẹ àwọn tó kù wò, kì í ṣe àbúrò bàbá tó wá kí yín.

Ìgbésẹ̀ 7: Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe lójú ẹsẹ̀

Tó bá jẹ́ ilé lẹ wà, ẹ pe 112 ní Nàìjíríà (ní Èkó 767 náà ń ṣiṣẹ́), 999 ní Britain, 911 ní Amẹ́ríkà. Tí ọkọ̀ ọsibítù ò bá tètè wá, ká má tan ara wa, ó máa ń ṣẹlẹ̀, ẹ wá mọ́tò tó ní ààyè ẹ̀yìn. Ẹ gbé orí àti ẹ̀yìn wọn sókè pẹ̀lú ìrọ̀rí, àfi tẹ́ ẹ bá fura pé ọrùn tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn ló fara pa, ìyẹn ẹ má yí i padà. Wọn ò gbọ́dọ̀ rìn, ẹ má ní kí wọ́n ti ara wọn dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ má fún wọn ní Lasix, oògùn tó ń jẹ́ kéèyàn máa tọ̀, tó kù nílé nítorí pé ó ṣiṣẹ́ fún màmá àdúgbò, tí BP bá ti wálẹ̀ tẹ́lẹ̀ ẹ lè fi já a pátá. Ẹ má fún wọn ní aspirin láìbi dókítà, ẹni tó fara pa lè máa ṣẹ̀jẹ̀ nínú. Kò sí àgbo, kò sí energy drink, kò sí omi tútù tí wọ́n ń dà séèyàn lórí. Ẹ ní kí àwọn tó ń sunkún jáde síta kẹ́nì kan ṣoṣo tí ohùn ẹ̀ tutù dúró tì wọ́n.

Tí wọ́n bá dákú tí wọn ò sì mí mọ́, ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà mọ́lẹ̀, líle, kíákíá, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé.

Ìgbésẹ̀ 8: Bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ ní ọsibítù

Dókítà eegun ń wo eegun, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá kàn sọ pé "ara wọn ò yá," wọ́n lè kọ pánádọ́ọ̀lù. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ọjọ́ Tuesday ni wọ́n ṣubú, kò sí èémí gíga tẹ́lẹ̀, aago mọ́kànlá alẹ́ àná ló bẹ̀rẹ̀ lójijì, ọkàn ń lù 124, wọn ò lè dùbúlẹ̀. Ṣé a lè ṣe ECG fún wọn?" Ẹni tó bá gbọ́ èyí á dìde.

ECG, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà, ni ti àkọ́kọ́, kì í pẹ́ rárá. Tó bá jáde dáadáa tí àmì sì ń bá a lọ, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á tún un ṣe, torí ti àkọ́kọ́ lè má fi nǹkan kan hàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fi wo troponin, ìyẹn máa ń ga tí ẹran ọkàn bá ṣèṣe. Echo, ìyẹn àwòrán ọkàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ló máa fi han bóyá ìsàlẹ̀ ọkàn ń fún pọ̀ tàbí ó kàn wú sílẹ̀. Èyí tó máa ya Takotsubo sọ́tọ̀ gan-an sí heart attack ni angiogram, tí wọ́n máa ń gba inú iṣan wo bóyá nǹkan dí níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní in, ó sì wọ́n, torí náà wọ́n lè ní kẹ́ ẹ lọ sí ọsibítù ńlá bíi UCH Ìbàdàn kí dókítà ọkàn rí wọn. Ẹ sọ gbogbo oògùn tó wà nínú ìwé yín fún wọn, oògùn kátá àti ìfàsímú náà, torí àwọn kan nínú wọn ń ṣe bíi adrenaline nínú ara.

Tó bá di pé wọ́n ní kẹ́ ẹ dá iṣẹ́ abẹ eegun dúró díẹ̀ kí ọkàn lè nísinmi, ẹ má bá wọn jà. Ẹ má sì fẹsẹ̀ fà á nílẹ̀ tí wọ́n bá ní ó ti yá, torí pípẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń fa ẹ̀jẹ̀ dídì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 9: Lẹ́yìn tó bá ti rọlẹ̀

Ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń padà sípò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 ni wọ́n sábà máa ń sọ. Àmọ́ kẹ́ ẹ má gbọ́ "ó máa ń lọ fúnra ẹ̀" kẹ́ ẹ wá kó ẹrù kúrò ní ọsibítù, torí nínú ìwádìí 2015 yẹn, bíi 4 nínú 100 ló kú sí ọsibítù, omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn lè máa lù lódìlódì, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú ọkàn kó sì fa rọpárọsẹ̀. Oògùn tí wọ́n bá fún wọn, ẹ lò ó pé, ẹ má dá a dúró torí ara ti yá. Ẹ padà lọ ṣe echo lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá, òun nìkan ló lè sọ pé ọkàn ti padà sípò, kì í ṣe bí màmá ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ó lè padà wá. Kì í ṣe fún gbogbo èèyàn, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ iwájú tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ èyíkéyìí fún wọn, títí kan ti eyín tàbí ojú, ẹ sọ fún dókítà tó máa kun wọ́n lóorun ṣáájú. Ìwé ECG àti èsì echo, ẹ kó wọn pamọ́, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò wọn sórí fóònù lọ́jọ́ náà gan-an, torí bébà ECG yẹn máa ń ṣí tí ooru bá mú un, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ẹ lè ṣí i kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan kà níbẹ̀.